Ìwé Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Mo fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa wá bi mí ní nǹkan. Mi ò ní purọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, olùkọ́ sì máa ń tètè di ọlọ́gbọ́n nílùú tí kò tóbi. Bí lẹ́tà bá ti Ìbàdàn dé, èmi ni wọ́n máa gbé e wá bá. Bí fóònù ẹnì kan bá yarí, ilé mi ni. Bí wọ́n bá fẹ́ fín oògùn koríko, wọ́n á ní kí Tíṣà bá àwọn wo ohun tí wọ́n kọ sára ike. Màá ṣe bí ẹni pé wọ́n ń yọ mí lẹ́nu, màá mí kanlẹ̀, màá ní kí wọ́n dúró ná, ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa pinnu láti ra ọkọ̀.

Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, torí mo máa ń dá oko díẹ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Gbodo ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ìyẹn iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, Ṣakí sì ni a ti ń tà á. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń bá wa kó o kì í dé lásìkò. Ìgbà mìíràn, òjò àìròtẹ́lẹ̀ á ti pa àpò lẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n tó yọjú. A wá dáwó jọ títí ó fi tó ra ọkọ̀ tiwa. Píkọ́ọ̀pù alágbára la fẹ́, èyí tó lè ru àpò sẹ́yìn, tó sì tún lè fa tírélà. Tírélà tí mò ń wí yìí kì í ṣe àwọn gàgàrà tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù onítáyà mẹ́rin ni, wẹ́dà kan ló ṣe é fún wa, ìkọ́ ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí ọkọ̀.

Wọ́n ní kí èmi àti Bàbá Dẹ́rẹ́bà lọ ra ọkọ̀ náà wá láti Ìṣẹ́yìn. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ìlú ń pe bàbá yìí, torí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó wa ọkọ̀ tábà nígbà tí tábà ṣì lókìkí ní Òkè-Ògùn, ó wa ọkọ̀ gẹdú, ó wa ọkọ̀ màlúù. Kò kọ́ ilé alájà, kò sì ní oko kan tí ó tó fọ́nnu. Ohun tó ní kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, tí ẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ sọ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀: kò da ẹrù rí. Ó máa ń gbọ́ ọ, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á fa fìlà rẹ̀ síwájú díẹ̀. Bàbá yìí kò kàwé rárá.

Níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ọkọ̀ méjì ni owó wa ká. Èkíní funfun, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ìjókòó rẹ̀ ti ya. Èkejì dúdú bíi kóró iṣin. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, irin dídán níwájú, ó ga débi pé wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì ní gíláàsì kan níwájú tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n. Mo gun orí ìjókòó dúdú yìí, mo sì ti rí ara mi nínú rẹ̀ bí a ṣe ń wọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀sán, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sáré tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni mo ti yan ọkọ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, àwáwí ni.

Bàbá tẹ́ àpò kan sílẹ̀, ó wọ abẹ́ funfun lọ. Ó fọwọ́ ka àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ọkọ̀, àwọn tí à ń pè ní sípíríìnì, tí ẹrù máa ń gbé ara lé. Ó ní méje ni. Ó wọ abẹ́ dúdú, ó ní mẹ́rin ni, wọ́n sì fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó ń tajà níbẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gun funfun, ó fi ọwọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀, ó rí i pé ó fi ìka méjì lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gun dúdú, ó fi odidi àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sílẹ̀. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "Tíṣà, eléyìí mọ ìjókòó, kò mọ ẹrù. Funfun yẹn ni ká mú."

Mo gbé fóònù mi jáde. Mo ti rí i lórí ìkànnì kan pé irú dúdú yẹn lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta.

"Tọ́ọ̀nù mẹ́ta, Bàbá. Tírélà wa pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kò lè tó bẹ́ẹ̀."

"Fífà nìyẹn," ni Bàbá wí. "Mi ò bá fífà jà. Rírù ni mò ń bi ọ́. Imú tírélà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ìkọ́, àpò á tún wà lẹ́yìn, àwa náà á tún jókòó. Mélòó ló lè rù?"

Mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń wò mí, inú sì bí mi pé bàbá arúgbó kan ń bi mí ní ìbéèrè ní gbangba bí ẹni ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ẹ ò lè kà á."

Àwọn ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Bàbá wo ilẹ̀, ó ká àpò tó fi tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Tíṣà." A san owó dúdú. Bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn láti wọlé, mo rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí, funfun àti yẹ́lò, tí wọ́n fi èdè òyìnbó wínníwínní kọ nǹkan sí. Mo rí i dáadáa. Mi ò kà á, torí mo ń kánjú lọ tan amúlétutù.

Bí a ṣe wọ ìlú, bí mo ṣe rò ó náà ló rí. Àáfà ṣàdúrà sí i, pásítọ̀ wa náà ṣàdúrà sí i, wọ́n pín àkàrà. Alága ẹgbẹ́ wa di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èèyàn, ó ní ọmọ gidi ni mí. Mo wo Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Ó ń fi aṣọ nu eruku lára táyà.

Èmi ni mo ṣírò ẹrù tí ọkọ̀ máa gbé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé onílà, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Àpò ìrẹsì àtijọ́ la fi ń di gbodo, wọ́n sì ti tẹ àádọ́ta kílò sára àpò kọ̀ọ̀kan. Àpò mẹ́wàá lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò. Ọgbọ̀n àpò nínú tírélà, ẹgbẹ̀jọ kílò dín ọgọ́rùn-ún. Ó lọ geere. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí a bí sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí kò mọ̀ pé a kì í di àpò gbodo dé ẹnu kí a dúró. Tó bá kún, a ó rán ọrùn fún un. A ó gé àpò mìíràn, a ó fi abẹ́rẹ́ ńlá gán an mọ́ ẹnu ti ìsàlẹ̀, a ó sì máa kì í lọ sókè títí tí àpò á fi ga tó ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá. Àpò tí kò lọ́rùn, àwọn oníbàárà Ṣakí ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ń rán ọrùn fún àpò tèmi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń rán an. Síbẹ̀, nígbà tí mo jókòó ti ìwé, àádọ́ta tí wọ́n tẹ̀ sára àpò ni mo gbà gbọ́.

Mi ò sì ka èèyàn. Lọ́dọ̀ wa, onígbodo kì í jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ lọ ọjà kí òun dúró sílé. Orí àpò rẹ̀ ni á jókòó sí títí dé Ṣakí, kí wọ́n má bàa pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Láti kékeré mi ni mo ti ń rí èèyàn lórí ẹrù, kò sì sẹ́ni tó ronú rí pé èèyàn tó jókòó lórí ẹrù náà jẹ́ ẹrù.

Ìrìn méjì àkọ́kọ́ kò mú wàhálà wá, nítorí gbodo ò tíì pọ̀. Ọyẹ́ wá mú, gbodo gbẹ, gbogbo ilé ló fẹ́ kó tiwọn jáde lọ́jọ́ kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà yẹn, nígbà tí wọ́n dẹrù tán, Bàbá Dẹ́rẹ́bà yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí ọkọ̀ ti jókòó, iwájú rẹ̀ ti gbójú sókè.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sọ àpò mẹ́rin kalẹ̀. Kí àwọn tó wà lórí ẹrù sì gun ọ̀kadà."

Ó pè mí ní "ẹ". Bàbá tó lè bí mi. Láti Ìṣẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì ti jẹ́ kó máa bá a lọ. Mo yọ ìwé onílà mi jáde, mo ní ìṣirò wà níbí, ó ṣì ku àyè. Alága ní, "Tíṣà ti ṣírò ẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ìyàwó Alága, tí à ń pè ní Ìyá Onígbodo, ti gun orí àpò rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta. Àwa márùn-ún wà nínú ọkọ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lójú.

Kí a tó kan Àgọ́-Àmọ̀dù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó wọ afárá lọ. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí. Ó fa ìdí ọkọ̀ sí ọ̀tún, ó fà á sí òsì. Bàbá yí sitíárín, iwájú ọkọ̀ ò dáhùn, torí iwájú náà ò tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Dúró, dúró, dúró," bí ẹni ń bá màlúù sọ̀rọ̀. Ó tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó darí ọkọ̀ sínú koríko kí a má bàa dé afárá. Tírélà dojú dé. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gbá igi òrí kan, ó sì dúró.

Àwọn obìnrin mẹ́ta fi ara bó. Ìyá Onígbodo bọ́ láti orí àpò, apá rẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ balẹ̀, ó sì kán níbi méjì. Gbodo fọ́n ká gbogbo inú koríko, ó funfun lọ títí dé etí odò. Bàbá Dẹ́rẹ́bà jáde, ó wo ẹrù tó dà sílẹ̀. Ó dúró sójú kan báyìí, fìlà rẹ̀ ti bọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní àgbàlá Alága. Inú Alága ò dùn, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kérora nínú yàrá, a sì ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan ní ojú Bàbá ti di ojú àgbà. Ẹlòmíràn ní eré ló sá. Bàbá ní òun ò sáré, ẹrù ló pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. Alága ní, "Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ẹrù pọ̀ jù?"

Mo ti ń fura nígbà yẹn, mo ti rí bí ìdí ọkọ̀ ṣe jókòó. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á bèèrè ẹni tó yan ọkọ̀, wọ́n á bèèrè ẹni tó ṣírò. Mo ní, "Ìṣirò mi pé."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá níbẹ̀. Ó tú u kúrò lára okùn tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀, ó gbé e sórí ẹní níwájú Alága, ó ní ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú. Kò wò mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní láyé, mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi, mi ò sì rò pé ó máa kúrò.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ọkọ̀ wà. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó na ìka sí ìwé pélébé yẹn.

Ó ní, "Mẹkáníìkì ní òyìnbó ni, òun ò gbọ́ ọ. Bá mi kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á. Mo wá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá: àpapọ̀ àwọn èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rin kílò lọ láéláé.

"Èèyàn àti ẹrù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àpapọ̀ wọn."

Ó jókòó sórí táyà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. Ó ní àpò olọ́rùn kan kò lè dín ní ọgọ́rin kílò, òun ti rù ú nígbà tí òun ṣì lágbára. Mẹ́wàá nìyẹn, ẹgbẹ̀rin ti pé. Ó wá ka àwa márùn-ún tó wà nínú ọkọ̀. Ó ka àwọn obìnrin mẹ́rin. Ó fi imú tírélà lé e. Mo jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, mo dúró níbẹ̀ tí mò ń wo bàbá tí kò mọ A tó ń ṣe é níwájú mi, kò sì ṣìṣe níbì kankan. Ó ti lé ní ìlọ́po méjì nígbà tó dúró.

Ó bi mí pé, "Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí ìwé yìí?"

Mo ní, "Ní Ìṣẹ́yìn, sà. Mo rí i. Mi ò kà á."

Ó mi orí díẹ̀. Ó ní, "Mo sì ti ń rò pé èmi nìkan ni mi ò lè kà á." Ó dìde, ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé jẹ́jẹ́, ó kí mẹkáníìkì pé ó dàbọ̀, ó sì ń lọ sílé.

Kò ní kí n lọ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbá sàn fún mi ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé e mọ́ra. Màá dúró níwájú kíláàsì, màá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn. Nígbà tó yá, mo lọ sí ìpàdé, mo dìde, mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá ò sí níbẹ̀, kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: funfun àti dúdú, ohun tí mo sọ sí Bàbá lójú àwọn ọlọ́jà, ìwé tí mi ò kà, ìṣirò tí mo ní ó pé. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo ti múra sílẹ̀ kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́.

Alága ní, "Ó ti lọ, Tíṣà. Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Má fi ṣe ọkàn."

Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ní èèyàn gidi ni mí, pé alákọ̀wé mélòó ló lè dìde sọ irú ẹ̀. Ẹlòmíràn ní síbẹ̀, dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ ì bá ti mọ̀ ọ́n lára láti ilé. Mo ní ó mọ̀ ọ́n, ó sọ fún wa, ṣùgbọ́n Alága ti ń sọ pé àwọn á rán ẹnì kan lọ bá Bàbá pé kò sí ìjà mọ́, wọ́n sì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Láti ìrun Jímọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun alásàárì ni wọ́n fi dá Bàbá lẹ́jọ́. Tèmi ò tó àkókò tí omi fi ń hó.

Ìyá Onígbodo jáde láti inú ilé. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, torí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún ṣì wà nínú ọ̀pá tí bàbá tó ń to eegun fi dè é, aṣọ ló fi so ó kọ́ ọrùn. Ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan lọ́wọ́ kejì, ó wá síwájú mi, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbà, Tíṣà, ẹ fi mú ọkàn yín tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé e fún yín."

Mo ní kò burú. Mo gbà á, mo sì mu ún tán.